Káńsù àti Ìkòkò Aró

  

Bí ènìyàn bá jókòó sí ibi tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀ ìlú, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ pé iṣẹ́ kò sí, pé ọjà kò tà, pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí Èkó àti òkè òkun. Bí ẹ bá wá bèèrè pé ta ni yóò tún un ṣe, Àbújá ni wọn yóò kọ́kọ́ nàka sí, lẹ́yìn náà ó di gómìnà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ káńsù, àfi bí wọ́n bá fẹ́ bú u. Bẹ́ẹ̀ ni káńsù ni ìjọba tí ìyá aláta ń fojú rí, tó ń wá bá a nídìí igbá pẹ̀lú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́. Òun ló ń bójú tó ìsọ̀, òun ló ni gọ́tà tó wà níwájú ìsọ̀, òun ló ni ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bí ọjà bá máa gbèrú, ọwọ́ káńsù á wà ńbẹ̀. Bí ó bá sì máa kú, ọwọ́ káńsù á wà ńbẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní apá keje pé ó jẹ́ ojúṣe káńsù láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, ó sì ní kí ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò dá ìgbìmọ̀ aláàtò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, kíkó pàǹtí, fífún ilé ní nọ́ńbà, àbójútó ìsọ̀ àti ilé búrẹ́dì, títí dé orí ìwé àṣẹ ọmọlanke àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé ọmọlanke ha ni ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé? Ẹ bi alágbàrù Ìtòkú léèrè, yóò dá yín lóhùn.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ́ lọ bí èéfín, ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹ káńsù wò. Iṣẹ́ náà ni àdìrẹ Abẹ́òkúta. Mo mú un nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwa náà sì ti rí ohun tí ìjọba ìlú lè ṣe sí oníṣẹ́ ọwọ́, ti rere àti ti búburú.

Àwọn ìyá wa ti ń pa aṣọ láró láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ funfun láti Manchester bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìlú lọ́pọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, iṣẹ́ náà kúrò ní iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ó di òwò ńlá. Àwọn kan ń fi ìko di aṣọ, èyí ni oníko. Àwọn mìíràn ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, èyí ni ẹlẹ́kọ. Ibi tí ìko tàbí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ríbi wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin náà gé páànù pẹlẹbẹ ní ọnà, wọ́n ń tẹ ẹ̀kọ gba inú rẹ̀ sára aṣọ, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan sì di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìjọba tí ó kọ́ wọn. Orí ara wọn ni wọ́n fi rò ó. Àwọn oníṣòwò láti Senegal àti láti Gold Coast, tí ó di Ghana ní ọdún 1957, ń wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta wọ́n sì ń kó o lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe aró náà, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Aláró á gún ewé èlú, á ṣù ú, á sá a gbẹ. Á jó igi títí yóò fi di eérú, á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, á bu omi lé e, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi eérú yìí ni yóò da èlú sí, tí yóò dé e fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kan. Bí ó bá kan jù, ó bàjẹ́. Bí kò bá kan tó, kò mú aṣọ. Ìṣẹ́ àti ìgìrì ńkọ́? Igi níná, omi pípọn, òórùn aró, ọwọ́ tí ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Láàrin ọdún 1920 sí 1930, kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó wọ ọjà. Kọ́síìkì rọ́pò omi eérú. Aró tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá di ohun tí a lè lò kíákíá. Ẹni tí kò lágbára igi àti eérú lè ṣe é, nítorí náà àwọn tí ń pa aró pọ̀ sí i. Ohun tuntun dé, àwọn obìnrin sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, láìsí olùkọ́, àwọn kan ń da kọ́síìkì jù, àwọn kan kì í fọ aṣọ dáadáa lẹ́yìn aró. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aró ń ṣí, pé aṣọ ń gbó kíákíá. Kí wọ́n tó mọ̀, ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé ní ọdún 1929, owó sì wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ń ra aṣọ.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ló wà lórí oyè nígbà náà, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ àwọn òyìnbó. Kí ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣe? Ó fòfin dè é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lo kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó mọ́ fún àdìrẹ. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń bú ọba, n kò sì ní fi ojú ìkà wo ohun tí ó ṣe. Orúkọ ìlú ń bàjẹ́ lójú àlejò, ọba rí i, ó sì dìde. Ẹni tí kò bìkítà kò ní dìde rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi dìde ni mo ń wò. Kọ́síìkì kò yéé wọ èbúté Èkó, ẹni tó bá lówó á rí i rà, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá lò ó sí ìkòkò aró á rí ìjà òfin.

Àwọn aláró kò gbà. Ní ọdún 1936 wọ́n kó owó jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Aláké pé kí wọ́n má gba ohun èlò tuntun náà lọ́wọ́ àwọn. Ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, wọ́n jókòó láti gbọ́ ẹ̀rí. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá wa: àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé ló gba lọ́yà láti gba ẹ̀tọ́ lílo ohun tuntun nínú iṣẹ́ wọn, ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá tún sọ létí yín pé oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kò fẹ́ ohun tuntun, ẹ mú ìtàn yìí sọ fún un.

Ní tèmi o, ọ̀nà mìíràn wà tí káńsù ìgbà náà ìbá gbà. Ó ní àwọn wolé-wolé tí ń wọ ilé kiri wo ìkòkò omi àti ilé ìyàgbẹ́. Ìbá wá aláró méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mọ́ jùlọ nínú lílo kọ́síìkì, kí ó san owó fún wọn láti máa kọ́ àwọn ìyókù: ìwọ̀n kọ́síìkì sí ìwọ̀n omi, iye ìgbà tí a ó fọ aṣọ. Ìbá gbé òǹtẹ̀ kan kalẹ̀ fún aṣọ tó yege, kí oníbàárà láti Senegal lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Owó rẹ̀ kò lè pọ̀ ju owó tí ó bá ìjà náà lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìjà yẹn kò ì tíì tán nílẹ̀ tí òmíràn fi dé. Láti ọdún 1918 ni owó òde ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọdún yẹn náà ni ogun Àdùbí jà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọkọ ni wọ́n ń béèrè owó òde lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ pé ó tà lọ́dún náà tàbí kò tà. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, kó ara wọn lọ sí ààfin Aké ní ọdún 1947, wọ́n jókòó síbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní oṣù January ọdún 1949 Aláké fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di oṣù December ọdún 1950. Wọ́n mú owó òde kúrò lórí àwọn obìnrin, àwọn obìnrin sì rí ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìtàn yìí ti di mímọ̀, nítorí náà n kò ní fà á gùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó jókòó ní Aké kì í ṣe olóṣèlú. Ọlọ́jà ni wọ́n, wọ́n sì ti ń san owó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tí ń bi wọ́n pé báwo ni ọjà.

Wàyí o, kọ́síìkì sódà tí wọ́n fòfin dè yẹn ńkọ́? Ó wà ní Ìtòkú di òní olónìí. Nígbà tí ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́ ní ọdún 1968, wọ́n ṣe ìpàdé àlàáfíà ní ìlú Kampala ní ilẹ̀ Uganda. Àwọn ènìyàn sọ pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ sọ aṣọ aláràbarà tó gbòde lẹ́yìn náà. Kàm̀pálà kò jẹ́ búlúù nìkan bí àdìrẹ àtijọ́. Pupa, òféèfé, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ni. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n ń fi fóòmù gígé tẹ̀ sára aṣọ dípò ẹ̀kọ láfún, kọ́síìkì sódà àti háídrọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń fi mú aró wọ inú òwú. Ohun tí ìjọba ìlú ti fẹ́ lé jáde ni ó wá di ohun tí iṣẹ́ náà ń jẹ. Ká ní òfin yẹn fìdí múlẹ̀, mo rò pé ilé ọnà nìkan ni à bá ti máa rí àdìrẹ Ẹ̀gbá lónìí.

Ìyọnu ti ọjọ́ òní yàtọ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ China, tí wọ́n fi ọnà àdìrẹ wa tẹ̀, ti kún ọjà. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí kò mọ aṣọ á rò pé ọ̀kan náà ni. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ yí aṣọ padà. Èyí tí a fi ọwọ́ rẹ, àwọ̀ rẹ̀ hàn ní ojú méjèèjì. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ràn. Ẹ tún wo ọnà rẹ̀: ti ọwọ́ kì í bára mu gẹ́lẹ́, ti ẹ̀rọ kò ní yàtọ̀ bí i ojú ìwé kan náà tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń ké pé kí káńsù fòfin de aṣọ China. Ọ̀rọ̀ ọdún 1936 tún padà dé! Káńsù kò lágbára lórí ohun tó wọlé láti òkè òkun, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin fún ní àṣẹ kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí káńsù bá rán àwọn ọmọ kan wọ ọjà láti máa já aṣọ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ẹ mọ ibi tí aṣọ náà yóò gbà.

Ohun tó wà ní agbára káńsù kéré lójú, ó sì tóbi lẹ́nu iṣẹ́. Káńsù Abẹ́òkúta South, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aké, ni Ìtòkú bọ́ sí. Omi ni ohun àkọ́kọ́. Kò sí iṣẹ́ tí ń jẹ omi bí iṣẹ́ aró: wọ́n á fi pò ó, wọ́n á fi fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin tí ó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì kò lè fọ aṣọ tó bí ó ti yẹ, aró yóò sì ṣí lára oníbàárà. Nítorí náà kànga ẹ̀rọ kan tí omi rẹ̀ ń yọ lójoojúmọ́ nítòsí àwọn aláró yóò tún àdìrẹ ṣe ju ọ̀rọ̀ ìyànjú ẹgbẹ̀rún lọ. Lẹ́yìn omi ni gọ́tà. Omi kọ́síìkì tí wọ́n dà nù ń bó ènìyàn lára, ó sì ń ṣàn lọ sí odò. Bí káńsù bá mọ kòtò oníbíríkì tí omi aró yóò máa sùn sí kí ó tó ṣàn lọ, àwọn aládùúgbò kò ní máa bá aláró jà, aláró kò sì ní máa sá fún wolé-wolé.

Wolé-wolé gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà díẹ̀. Kí ó máa wọlé bí olùkọ́. Ọmọ iṣẹ́ mélòó ló mọ̀ pé inú omi ni a ń da kọ́síìkì sí díẹ̀díẹ̀, pé a kì í da omi lé kọ́síìkì lórí, nítorí pé yóò hó, yóò sì ta sí ènìyàn lójú? Mélòó ló ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà? Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. Ojú kò ní àrọ́pò.

Ohun kejì tí ó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́. Ẹ wo bí ó ti ń rí: ọmọ á kọ́ṣẹ́ ọdún méjì, mẹ́ta, òbí á rọ́jú san owó òmìnira, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà wà nílé. Kò ní owó ìsọ̀, onílé sì ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, ó ti di ọlọ́kadà. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ ti wọmi. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ tuntun lórí nínú wọn, bóyá ọnà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ rí, kò rí àyè dán an wò. Káńsù tó ní ọjà lè ya ìsọ̀ mẹ́wàá sọ́tọ̀, kí ó má gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira fún ọdún àkọ́kọ́, kí ó gba ìdajì ní ọdún kejì. Ní ọdún kẹta kí ó san pé tàbí kí ó kúrò fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọrẹ àánú. Nínú mẹ́wàá yẹn, bí mẹ́rin bá dúró, oníbàárà mẹ́rin tí yóò máa san owó ìsọ̀ fún ogún ọdún ni káńsù ti rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín ìsọ̀ náà fún ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò mọ aró yàtọ̀ sí tàdáwà, ó parí.

Kí ẹ má baà sọ pé àlá ni mò ń lá, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ àwọn ará Japan díẹ̀, níbi tí ìjọba ìlú kékeré kan ti ṣe ohun tó jọ èyí. Ní ẹkùn Ōita, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ōyama. Orí òkè ni ó wà, ilẹ̀ rẹ̀ gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú fún oko ìrẹsì kò tó nǹkan. Ìrẹsì sì ni ìjọba àpapọ̀ wọn ń rọ gbogbo àgbẹ̀ láti gbìn nígbà náà. Ní ọdún 1961, olórí ìlú náà, Harumi Yahata, tí ó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀, sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ìrẹsì kọ́ ni tiwọn. Igi eléso méjì ni ó ní kí wọ́n gbìn, èyí tí òyìnbó ń pè ní plum àti chestnut, nítorí pé ìwọ̀nyí a máa ṣe dáadáa ní gẹ̀rẹ́ òkè. Ó tún fi ọ̀rọ̀ ìṣírí kan sí i: ẹ jẹ́ kí a gbin àwọn igi yìí kí a sì lọ sí Hawaii! Àgbẹ̀ tí kò tíì kúrò ní abúlé rí, Hawaii! Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n owó èso náà gbé àwọn kan nínú wọn débẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1979, gómìnà ẹkùn náà, Morihiko Hiramatsu, rí i pé ó dára, ó sì ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ōita mú ohun kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jùlọ, kí ó sọ ọ́ di ọjà tí ayé yóò máa wá rà. Thailand náà kọ́ ọ lára wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé olórí ìlú Ōyama kò dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ kí ó máa ta èso. Àwọn àgbẹ̀ ló gbìn ín, àwọn ló tà á. Òun wo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àwọn ọdún tí igi kò tíì so. Àwọn alága káńsù tiwa fẹ́ràn láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta kí wọ́n máa pín in níwájú kámẹ́rà. N kò ní ìjà bá ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tà kí oṣù tó parí, nítorí pé ẹni tí wọ́n fún kò bèèrè fún un.

Ọ̀rọ̀ owó gbígbà ló kù. N kò ní sọ pé kí ọlọ́jà má sanwó. Ẹni tí kò sanwó kò lẹ́nu láti béèrè omi. Àwa tí a ń ka ìtàn Mọ̀díná mọ̀ pé nígbà tí Ànábì wa dá ọjà sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, ó jẹ́ kí ó jẹ́ gbangba ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín kù, kò sì gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà níbẹ̀. Káńsù tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ó ní òṣìṣẹ́ láti san owó fún. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí owó náà jẹ́ ọ̀kan, kí a mọ iye rẹ̀, kí a kọ ọ́ sí ara pátákó ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Òfin owó orí ti ọdún 1998 ka oríṣi ogún fún àwọn káńsù, ó sì sọ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dínà mọ́tò láti gba owó orí. Ṣé ẹ̀yin kò rí àwọn ọmọkùnrin tó mú pákó oníṣòó dání ní ojú títì? Ẹrù aṣọ tí ó kúrò ní Ìbàdàn á gba ilẹ̀ káńsù bíi mélòó kọjá kí ó tó dé Ìtòkú, olúkúlùkù á sì ní ìwé tirẹ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Dírẹ́bà kò ní fi owó àpò rẹ̀ san án. Ara aṣọ ni yóò wà. Aṣọ China tí ó wọlé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú á wá máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn alága á ní owó kò dé ọwọ́ àwọn, pé gómìnà ni ó dì í mú. Òtítọ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù July ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa dájọ́ pé owó àwọn káńsù 774 gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò lágbára láti tú káńsù tí aráàlú dìbò yàn ká. Àwíjàre yẹn ti ń tán lọ nìyẹn. Kànga ẹ̀rọ kan àti kòtò omi aró kì í ṣe ohun tí ó nílò owó Àbújá kí ó tó ṣeé ṣe bí wọ́n bá ká owó ọjà náà pé tí wọ́n sì kó o sí àpótí káńsù, dípò àpò ẹni tó gbà á.

Ìyá kan bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé báwo ni aláró lásán ṣe lè dé iwájú alága. Ìdáhùn mi ni pé kí ó má dá lọ. Kí wọ́n tó márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n ní orúkọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì pe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn kí ó tẹ̀ lé wọn, nítorí ìbò wọn ni ó gbé e débẹ̀. Ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣe ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà oṣù September tàbí October ni kí wọ́n lọ, kí ó má di ìgbà tí wọ́n ti pín owó tán. Kí wọ́n má kó ìráhùn mẹ́wàá lọ, kí wọ́n mú ohun kan tí wọ́n mọ iye rẹ̀: kànga, tàbí gọ́tà, tàbí ìsọ̀. Kí wọ́n bèèrè níbẹ̀ pé ìgbìmọ̀ aláàtò ọrọ̀ ajé tí ìwé òfin wí, ta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ń jókòó. Ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé wò wọ́n lójú. Kí wọ́n tún un bèèrè.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí èkejì kí ó kọ déètì sí i, kí wọ́n tó dìde kúrò níbẹ̀.